Ohun Tí Díẹ̀díẹ̀ Ń Kọ Sábẹ́ Igi

Ọdún mẹ́rin gbáko ni ọkọ mi fi wò mí kó tó sọ pé òun fẹ́ mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ó wá wọn ibi tí mo fẹ́ gbé tábìlì ìgéṣọ sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló gbé tábìlì náà dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wá wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Tábìlì tí kò mì rí láti ọjọ́ tó ti dúró sílẹ̀! Ìyá mi ló pàpà bi í pé ṣé tábìlì ló fẹ́ fẹ́ ni àbí ọmọ òun. Ó ní òun kàn ò fẹ́ kánjú ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Díẹ̀díẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé pásítọ̀ pàápàá ń fi pè é lójú gbogbo ìjọ.

Káfíńtà ni. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà lápá òsì ilé wa, èyí tí mo ti ń ránṣọ wà lápá ọ̀tún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló wà láàárín wa. Eruku pákó rẹ̀ máa ń fẹ́ wá bà lé aṣọ àwọn oníbàárà mi. Màá bú u, á sì máa rẹ́rìn-ín. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà "ìwọ" ni mo ń pè é bí àlejò ò bá sí nílé; bí àlejò bá ti wọlé, mo máa ń yí i sí "ẹ̀yin," kí wọ́n má baà sọ pé ìyá mi ò kọ́ mi.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí mi ò rí lọ́wọ́ káfíńtà mìíràn. Ohunkóhun tó bá kàn, ì báà jẹ́ àga, ì báà jẹ́ ibùsùn, tó bá parí rẹ̀, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á mú pẹ́ńsùlù tó máa ń fi há etí, á sì kọ nǹkan mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò lè dé. Á kọ ọjọ́ tó ṣe é. Á kọ "Ọlọ́run rí i." Á wá kọ "Ó kù," lẹ́yìn èyí á kọ ohun tí òun ò tíì ṣe sí i: ó ku kíkùn, ó ku ìṣó kan. Bí kò bá sí ohun tó kù, á fa ilà síbẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé ta ló ń kọ lẹ́tà sí. Ó ní ibi tí ènìyàn ò ti lè rí iṣẹ́ òun, ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti ń wò ó, àti pé òun náà kì í sábà rántí nǹkan. Ìyẹn lóòótọ́. Orí rẹ̀ dà bí ajere.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa. Kékeré là ń pè é, torí bó ṣe rí tín-ín-rín nígbà tí mo bí i, gbogbo àdúgbò sì ń pè mí ní Ìyá Kékeré. Títí dòní ni wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá pè mí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣíwọ́ pípè mí bẹ́ẹ̀, ìyẹn á dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún tí Kékeré pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìjọ wa kọ́ ilé ìjọsìn tuntun parí. Wọ́n ní kí Díẹ̀díẹ̀ kan pèpéle tí àwọn akọrin á máa dúró lé, onípele mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́rin gbọọrọ ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹni tí wọ́n ń dá ọjọ́ fún. Ojoojúmọ́ ni pásítọ̀ ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, á ní òun kàn ń kọjá ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n máa ya ilé náà sí mímọ́ ni ara Kékeré gbóná. A pè é ní ibà lásán. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ọmọ ò dá ènìyàn mọ̀ mọ́. Mo gbé e sáré lọ sí ọsibítù, mo sì ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti ń to pèpéle náà. Ó sáré dé, eruku pákó wà ní gbogbo orí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí Díẹ̀díẹ̀ tó ń sáré.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa, akọrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Òun ló tọ́jú ọmọ mi. Ó máa ń rọra kọrin sí i létí bó ṣe ń pààrọ̀ omi tí wọ́n fà sí i lára. Nígbà tí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ parí, kò lọ sílé, ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ ni Kékeré kú sí, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, bí ẹni tó sùn lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ní ẹlòmíràn kankan ò ní kan pósí ọmọ òun. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mò ń wò ó. Nígbà tó kàn án tán, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí etí. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí ò ní kọ ọ́ lónìí. Ó kọ ọ́. Ó kọ ọjọ́ náà. Ó kọ "Ọlọ́run rí i." Nígbà tó dé ibi "Ó kù," mo rò pé ilà ló máa fà, torí kí ló tún kù? Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ pẹ́ńsùlù náà. Ó wá kọ ọ́: "Ó ku àjíǹde."

Inú bí mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú bí mi débi pé mo bọ́ bàtà mi, mo sì jù ú lù ú. Ọlọ́run rí i, ó wá káwọ́ gbera? Ó ń wo ọmọ mi tó ń gbọ̀n, kò sì sọ pé ó tó? Díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà náà, ó gbé e wá síbi ẹsẹ̀ mi. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ yẹn ló ti bú sẹ́kún, kò lè nàró mọ́. Èmi náà jókòó tì í nílẹ̀.

Àwọn tó ń wá kí wa ò jẹ́ ká simi. Ọ̀kan ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ẹni tí méjèèjì ò tíì ṣe rí ló máa ń pa irú òwe yẹn. Àgbà obìnrin kan nínú ìjọ rọra fà mọ́ mi, ó bi mí pé ẹ̀ṣẹ̀ wo la ṣẹ̀ tí Ọlọ́run fi ń dá wa lẹ́jọ́ báyìí. Mo ní kó lọ bi Ọlọ́run, kó sì tètè mú èsì wá. Kò padà wá mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Láràárọ̀, á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì ń gbà ládùúrà: "Ọwọ́ rẹ ni mo wà." Èmi máa ń kọjú sí ògiri.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni pèpéle wó. Ọjọ́ Àìkú ni, orin kejì ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́. Mo gbọ́ gbàù, igun ẹ̀yìn tẹ̀, àwọn akọrin sì ya lu ara wọn. Ó di bó ò lọ o yà fún mi. Púpọ̀ nínú wọn kàn fi ara bó, ẹnì kan dá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ọmọ mi ló wà ní ìpele òkè pátápátá. Orí ló fi gbá etí àtẹ̀gùn símẹ́ńtì. Kò dé ọsibítù tó fi kú.

Díẹ̀díẹ̀ bá wọn gbé e lọ. Èmi bọ́ sílé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára aṣọ mi, mo sì gbé omi kaná láti fi fọ̀ ọ́. Kò pẹ́ ni àwọn ọkùnrin ìjọ tó ń palẹ̀ mọ́ kó gbogbo igi pèpéle wá sí ẹ̀yìn ilé wa. Wọ́n ní ti káfíńtà kúkú ni. Kò sọ sí wọn lọ́kàn pé ọlọ́pàá á béèrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí igi náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóòtù, irin gbọọrọ tó máa ń de igi pinpin, wà lára ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ìṣó lásán ló wà lára ẹsẹ̀ kẹrin, ó ti tẹ̀ kọrọdọ. Lára igi ìdábùú tó so mọ́ ọn ni mo ti rí ìkọ̀wé ọkọ mi: "Ọlọ́run rí i. Ó ku bóòtù méjì, ẹsẹ̀ kẹrin." Ọjọ́ tó kọ sí i ni ọjọ́ tí mo ránṣẹ́ pè é sí ọsibítù.

Ó yé mi kedere. Bóòtù ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìṣó gbá a mú kó lè dúró, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà gbàgbé. Ìgbà yẹn ni ìránṣẹ́ mi dé, ó sì sáré. Kò rántí padà wá wo abẹ́ rẹ̀ mọ́, torí pósí ló lọ kàn.

Omi ń hó lórí iná. Mo ki ẹsẹ̀ kẹrin àti igi ìdábùú náà bọ ìdí ààrò. Mo dúró tì í títí ó fi di eérú.

Ọjọ́ kejì ni ọlọ́pàá dé. Kí wọ́n tó jókòó ni Díẹ̀díẹ̀ ti sọ pé òun lòun kan pèpéle. Wọ́n bi í bóyá ó fi bóòtù de gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ò rántí. Ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ti parẹ́ lórí òun, ojú ọmọ òun nìkan ló kù níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ wo abẹ́ igi, pé bí nǹkan bá kù, òun á ti kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n wò ó, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n sì ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó palẹ̀ mọ́ ti sọ òmíràn nù lójú ọ̀nà. Pásítọ̀ àti àwọn àgbà ìjọ wá jẹ́rìí pé Díẹ̀díẹ̀ ò lè ṣe iṣẹ́ ìkánjú láéláé, ẹni tó fi oṣù mẹ́ta kan tábìlì kan. Wẹ́dà àdúgbò ló ti lu irin mọ́ ẹ̀yìn pèpéle náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kí wọ́n lè gbé sípíkà kọ́ ọ. Gbogbo ènìyàn ló rí i níbi tó ti ń lu igi. Wọ́n ní ìlù yẹn ló já ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ni wọ́n sì mú. Sùúrù ọkọ mi, tí mo ti fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá, òun ló wá ti aláìmọwọ́mẹsẹ̀ mọ́lé.

Ìyàwó wẹ́dà jẹ́ oníbàárà mi. Ó máa ń gbé aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ àgbà wá kí n gé e kúrú fún àwọn àbúrò. Ó jókòó sórí àga tí ọkọ mi kàn, ó ń sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe rù ní àtìmọ́lé. Ó ní òun ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni, bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Ó dìde, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ náà fún mi, ó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, Ìyá Kékeré, pẹ̀lẹ́."

Díẹ̀díẹ̀ ò yéé wá igi. Láràárọ̀, á to èyí tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àlàfo á sì wà níbi ẹsẹ̀ kẹrin. Á dúró, á máa wo àlàfo yẹn. Ó rù. Ikọ́ tí eruku pákó ti kó bá a láti ọjọ́ pípẹ́ le sí i. Lọ́jọ́ kan, mi ò lè mú un mọ́ra, mo jáde sí i.

"Ọlọ́run tó rí i, kí ló dé tí kò fọwọ́ gbá igi yẹn mú? Kí ló dé tí kò fọwọ́ gbá ọmọ wa mú?"

Mo rò pé ó máa wàásù fún mi. Kò wàásù. Ó jókòó sórí pákó, ó wúkọ́ títí.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mo ti bi í, kò tíì dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kò rí i ni, ta ni màá máa sunkún sí? Ọwọ́ rẹ̀ ni mo wà. Mi ò mọ ọwọ́ mìíràn."

Ó dìde, ó tún ń yí igi. Mo wọlé.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ wẹ́dà ní kóòtù, mò ń lọ aṣọ Díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun máa bẹ adájọ́ pé kó má fi ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ de ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Mo ní wọn ò ní gbọ́. Ó ní bí wọn ò bá gbọ́, ẹjọ́ náà ṣì máa dé iwájú Adájọ́ tí kò nílò ẹlẹ́rìí. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ó ń dé bọ́tìnnì ẹ̀wù tí mo ti lọ tán. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

"Èmi ni mo sun igi náà," mo ní. "Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sun ún."

Kò bi mí pé kí ló dé. Ohun kan ló bi mí.

"Kí ni mo kọ sí i?"

Mo kà á fún un. Mi ò nílò kí n máa ronú, torí kò sí ọjọ́ kan tí kò sí lójú mi. Ó ku bóòtù méjì, ẹsẹ̀ kẹrin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Mo ń retí kó bú mi, ó tiẹ̀ ń wù mí kó bú mi. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ọpẹ́ ló dá. Ó ní ẹ̀rù ti ń ba òun pé òun ò ní mọ̀ ọ́n títí òun á fi kú. Ó ní nọ́ọ̀sì kọrin sí ọmọ òun létí, òun sì fi ìṣó gbé e sókè. Ó sọ èyí lẹ́ẹ̀mejì. Mo dì í mú, a sunkún títí aṣọ tí mo lọ fi rún.

Lójú ọ̀nà kóòtù, ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ iná. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo gbọ́ tó ní ká fi nǹkan pamọ́. Mo ní rárá o.

Nígbà tí wọ́n pè é, ó di etí àpótí ẹlẹ́rìí mú. "Olúwa mi," ló wí, "ìṣó ni mo fi dè é. Mo ní màá padà wá, mi ò padà wá. Ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́." Kò dárúkọ ọmọ wa. Èmi ni mo dìde tí mo dárúkọ rẹ̀, mo sì dárúkọ iná. Adájọ́ náà, obìnrin àgbà, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Wọ́n dá wẹ́dà sílẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún mi gan-an, wọ́n ní bí kì í bá ṣe ti òfò tó ṣẹ̀ mí, àwọn ì bá tì mí mọ́lé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n rán Díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ọkọ nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Mi ò bá a wí.

Ìyàwó wẹ́dà ò gbé aṣọ wá mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ ní kí n wá jẹ́rìí nínú ìjọ bí òtítọ́ ṣe borí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó fi mí sílẹ̀.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí kó máa kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n níṣẹ́. Mo ń lọ wò ó lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ó máa ń ráhùn pé ìkánjú wọn pọ̀ jù. Mo ní, nínú ẹ̀wọ̀n? Níbo ni wọ́n ń kánjú lọ? Wọ́dà tó dúró tì wá máa ń rẹ́rìn-ín ju àwa lọ. Nígbà kan, Díẹ̀díẹ̀ bi mí bóyá mo ti ń gbàdúrà. Mo ní rárá, ìjà ni mò ń bá Ọlọ́run jà. Ó ní kò burú, ènìyàn kì í bá ẹni tí kò sí nílé jà. Ó fẹ́ tún sọ̀rọ̀, ikọ́ ò jẹ́. Nígbà tí mo ń lọ, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí eruku bo tábìlì mi.

Oṣù kọkànlá tó ti wà níbẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ikọ́ náà ti pa á.

Mo dé ibẹ̀ lówùúrọ̀. Mẹ́rin nínú àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ló kan pósí rẹ̀, wọ́n gbé e wá sínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, àwọn wọ́dà sì dúró yí wa ká. Wọ́n ní ọjọ́ méjì làwọn fi kàn án, torí Bàbá ò ní fẹ́ káwọn kánjú. Mo fọwọ́ kan igun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóòtù ló wà ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n tó gbé ọkọ mi sínú rẹ̀, èyí tó dàgbà jù láàárín wọn, tí irun rẹ̀ ti funfun, ní kí n ṣe sùúrù. Wọ́n dojú pósí náà délẹ̀.

Wọ́n ti kọ ọ́. Ọjọ́ náà wà níbẹ̀. "Ọlọ́run rí i" wà níbẹ̀. "Ó kù" náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ṣófo.

"Màmá, ẹ má bínú," ọkùnrin onírun funfun náà wí. "Bàbá ní bí nǹkan kan ò bá kù, ká fa ilà síbẹ̀. Ọwọ́ wa ò gbà á."

Mo dúró, mò ń wo àyè yẹn. Gbogbo ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú Ọlọ́run ṣì wà nínú mi, kò tíì dáhùn ọ̀kan níbẹ̀. Ọmọ mi ò sí, ọkọ mi ò sí, nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ mi mú ò sí. Àmọ́ èmi náà ò lè fa ilà. Mo kúnlẹ̀, mo tọwọ́ bọ báàgì mi, ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ ni mo bá níbẹ̀. Mo fi kọ ọ́ sí iwájú "Ó kù": "àjíǹde." Ó funfun lórí pákó. Mo ń wò ó, mo sì rántí bí ṣọ́ọ̀kì ṣe máa ń gbọ̀n dànù bí ọwọ́ bá ti kàn án. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò, mo ní kí wọ́n wá pẹ́ńsùlù fún mi.